Ajá jẹ májèlé, epo pupa ló kàn?

Kí ẹni tó gbé ajá wọlé tó kí wa, mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹnu ajá náà á pọ́n yòò, epo á ti kán sí i láyà, á sì ti ta sí aṣọ ẹni tó gbé e. Gbólóhùn kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Dókítà, mo ti fún un lépo o." Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni tó ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́ sílẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà. Èmi ni mo ń di ajá mú, tí mo ń kọ orúkọ sínú ìwé, tí mo sì ń nu ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Ẹni tó ń nu ilẹ̀ ló mọ bí epo náà ṣe máa ń pọ̀ tó.

Mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí pé májèlé ń pa ajá. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ní ìlú tí eku ti ń jẹ ẹ̀gẹ́ lóko, tó tún ń wá jẹ ẹja gbígbẹ nílé, mélòó ni ilé tí ọtapíápíá kò sí lẹ́yìn ìlẹ̀kùn? Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa dichlorvos, ìyẹn ojúlówó ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọtapíápíá, nínú ìgò kéékèèké láti 100ml wálẹ̀. Ẹ lọ wo ọjà bóyá àwọn ìgò náà gbọ́.

Epo yìí gan-an ló ń bí mi nínú.

Wọ́n ní epo ń pa májèlé. Béèrè bó ṣe ń pa á, wọ́n á ní ó ń bo inú, bí a ṣe ń fi epo pa inú agolo mọ́ínmọ́ín kó má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Májèlé á kàn yọ̀ kọjá ni. Àlàyé yìí dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ìfun kì í ṣe agolo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fa epo sára. Epo tí ẹ fi jẹ ẹ̀fọ́ lánàá, ibo lẹ rò pé ó gbà? Ọtapíápíá sì mọ ọ̀nà epo dáadáa: ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pò ó lẹ́bàá títì, kẹrosíìnì ni wọ́n ń bù là á.

Ká tiẹ̀ gbà pé ó ń bo inú. Púpọ̀ nínú àwọn ajá tí wọ́n ń gbé wá kò jẹ ohunkóhun. Eégbọn ló pọ̀ lára wọn, ẹni tó ni wọ́n wá da ọtapíápíá sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, ó fi wẹ̀ wọ́n. Oògùn náà ń gba awọ ara wọlé, ó sì ń bá èémí wọlé. Nígbà tí ajá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n ya ẹnu rẹ̀, wọ́n da epo sí i. Òrùlé ló ń jò, ìlẹ̀kùn la sáré lọ tì.

Gbogbo èyí, wọ́n á gbọ́ ọ, wọ́n á sì mi orí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá mú ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni kì í lè bá wọn jà lé lórí jáde: "Èmi fún tèmi, ó sì yè."

Ìyá kan wà tó ń ta ẹja yíyan lọ́jà Olúwo. Tanímọ̀la ni ajá rẹ̀ ń jẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbé e dé, ìró ìyá ni wọ́n fi wé e. Itọ́ ń fà lẹ́nu rẹ̀ bí okùn ewédú, pupa, nítorí epo. Dókítà fi àtàǹpàkò ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀: ọmọlójú ti sún kì dé ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ló ti mọ ohun tó ń bá jà. Ó gún un ní atropine, oògùn tí wọ́n fi ń tako irú májèlé inú ọtapíápíá, ó dúró, ó tún gún un, títí itọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. A wẹ ara rẹ̀ tọṣẹtọṣẹ nítorí òórùn oògùn náà wà ní irun ọrùn rẹ̀, a fa omi sí i lára. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó dìde, ó sì tọ̀ sí ẹsẹ̀ tábìlì wa.

Ẹ bi ìyá léèrè lónìí ohun tó gba Tanímọ̀la là. Epo ni. Ó ní tí epo kò bá kọ́kọ́ ṣíwájú, òkú ni abẹ́rẹ́ ì bá bá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ajá aládùúgbò yín tí wọ́n fún lépo tó kú ńkọ́?" Ó wò mí tàánútàánú. "Ọmọ mi, epo inú kẹ́ẹ̀gì nìyẹn, àdàlù ni." Bí ajá bá yè, epo ló ṣe é, bó bá kú, epo ni kò dáa tàbí májèlé ló le jù. N kò tíì rí ẹjọ́ tí epo jẹ̀bi rí.

Ohun tí a kì í mọ̀ nínú gbogbo ìtàn "ó yè" yìí ni ohun tí ajá náà jẹ gan-an, iye tó jẹ, àti iye tó ti bì dànù kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ó lè má jẹ májèlé rárá. Èyí tó sì burú jù ni oríṣi oògùn eku mìíràn, irú èyí tí wọ́n pò mọ́ hóró ọkà tí wọ́n pa láró. Ìyẹn kì í mú ajá gbọ̀n. Ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ajá á jẹun, á sáré, á gbó ẹni tó ń kọjá. Wọ́n ti fún un lépo, wọ́n ti dúpẹ́, wọ́n ti ròyìn fún gbogbo àdúgbò. Tó bá di ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, èrìgì rẹ̀ á funfun, ẹ̀jẹ̀ lè máa yọ nímú, kò ní lè mí dáadáa. Wọ́n á ní àìsàn mìíràn ló dé. Fítámì K1 ni wọ́n fi ń tọ́jú ìyẹn, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Atropine kò ní nǹkan kan án ṣe sí i. Májèlé méjì tí kò bára tan, oògùn méjì tí kò jọra. Epo kan ṣoṣo wá fẹ́ wo méjèèjì.

Ẹ wá wò ó: èrìgì ni dókítà fẹ́ wò kó mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dínkù, ẹ ti fi epo kùn ún. Èébì ló fẹ́ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti pupa. Mo ti dúró tì í rí níbi tó ti ń fi òwú funfun nu ẹnu ajá, tó ń gbé e sí iná, tó ń wá ẹ̀jẹ̀ nínú epo.

Mi ò sọ pé epo kò ran ajá kankan lọ́wọ́ rí o. Ó lè mú òmíràn bì kí májèlé tó rìn jìnnà, bóyá ibẹ̀ sì ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bíbì náà kì í ṣe ire nígbà gbogbo: kẹrosíìnì tó ń padà bọ̀ lè ya sí ẹ̀dọ̀fóró. Bẹ́ẹ̀ ni epo fúnra rẹ̀, nítorí ajá tó ń gbọ̀n kì í gbé nǹkan mì dáadáa. Ó lè bọ́ lọ́wọ́ májèlé kí epo wá di ikọ́ sí i láyà.

Mílíìkì náà kọ́, ẹyin tútù náà kọ́. Èédú tí a ń lò níbí láti fa májèlé nínú ikùn, wọ́n ṣe é lákànṣe ni. Ẹ má lọ gún èédú ìdáná. Tí oògùn náà bá wà lára rẹ̀, ẹ wọ ọ̀rá sọ́wọ́, ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, kí ẹ má baà di aláìsàn kejì. Ẹ mú ìgò tàbí ọ̀rá oògùn náà dání bó ti wù kó dọ̀tí tó. Tí ẹ bá sì ti fún un lépo kí ẹ tó dé, ẹ sọ ọ́. Bàbá kan fi áńkáṣíìfù nu ẹnu ajá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níjelòó, ó wọlé, ó ní òun kò fún un ní nǹkan kan. Mo gbé ìwé fún un kó fọwọ́ sí i. Èékánná rẹ̀ márààrún pọ́n, ìka rẹ̀ sì wà lára ìwé náà títí dòní.