Ìtànṣán X-ray kì í kù sínú ẹran

Láàárín àwa Yorùbá tí à ń ra ẹran ní Karu àti Deidei, l'Ábújá, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò tán rí. Bí ẹnì kan bá ti gbọ́ pé X-ray ni wọ́n fi ń wo àgùntàn tí wọ́n ti pa láwọn odò ẹran kan ní Ọsirélíà, kíá ló máa ní ìtànṣán ti wọ ẹran náà, jẹjẹrẹ ni wọ́n ń tà.

Ohun tí wọ́n ń fi X-ray náà wá ò ju iye ẹran pupa, ọ̀rá àti egungun lọ. Ìtànṣán líle àti èyí tó rọ̀ jù ú lọ ló ń gba ara ẹran kọjá. Kálísíọ́ọ̀mù inú egungun máa ń gbé èyí tó rọ̀ mì gan-an. Ọ̀rá máa ń jẹ́ kó kọjá. Ìyàtọ̀ yẹn ni kọ̀ǹpútà ń kà.

Àṣìṣe àwọn tó ń bẹ̀rù ẹran yìí ni pé wọ́n ka ìtànṣán sí nǹkan bí eruku, tó bá ti bà sára ẹran, ó ti lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ ni X-ray, àfi pé ojú wa ò rí i. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹran di òwúrọ̀, kí ẹ wá pa tọ́ọ̀ṣì náà: ta ló bá ìmọ́lẹ̀ nínú ọbẹ̀ rí? Kí ẹran tó lè máa yọ ìtànṣán fúnra rẹ̀, agbára tó wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ le débi pé yóò da kókó átọ́ọ̀mù rú. Àjọ Codex, tó ń gbé ìlànà oúnjẹ kalẹ̀ fún gbogbo ayé, gba X-ray tí agbára rẹ̀ tó mílíọ̀nù 5 electron-volt (ohun tí wọ́n fi ń wọn agbára ìtànṣán) láàyè fún pípa kòkòrò inú oúnjẹ. Ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo àgùntàn jẹ́ nǹkan bí 140,000. Ẹ fi wéra.

Wọ́n á ní X-ray ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, sẹ́ẹ̀lì alààyè. Nítorí òṣìṣẹ́ ni wọ́n ṣe fi òjé ká ẹ̀rọ náà mọ́. Àgùntàn tí wọ́n ti dúńbú, tí wọ́n ti bó, jẹjẹrẹ wo ló tún fẹ́ ní? Ẹni tó sì ń pariwo yìí kan náà ló ń di kilishi sínú báàgì, tó ń gbé e gba ẹ̀rọ X-ray pápákọ̀ òfuurufú Nnamdi Azikiwe kọjá, tó ń fún ọmọ jẹ ní Èkó.

Ibi tí mo lè dúró lé mọ níbẹ̀: ìtànṣán kì í kù sínú ẹran. Pé ẹran náà dáa, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Níbi tí egungun bá ti bo ẹran, ìtànṣán méjì ò lè pín nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀, ìfojúbù ni kọ̀ǹpútà ń ṣe níbẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ò sì wá ikọ́ fée. Dókítà ẹran tó ń fi ọ̀bẹ la fùkù àti kókó ọrùn ló ń wá a. Bí ẹ bá rí fùkù màlúù tó ní kókó aláwọ̀ yẹ́lò, tó ń dún lẹ́nu ọ̀bẹ bí ẹni gé iyanrìn, ẹ má rà á, ẹ má sì ra ìyókù màlúù yẹn, kódà bí alápatà bá ní òun ti gé ibi tó bàjẹ́ dànù.