Motion control: báwo ni géèmù ìjà ṣe ń mọ̀ pé ẹ ju ẹ̀ṣẹ́?

Lọ́dún tó kọjá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá lo họ́lídè lọ́dọ̀ wa, ó gbé ẹ̀rọ géèmù ẹ̀ tó ń jẹ́ Nintendo Switch dání, géèmù kan sì wà nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ Fitness Boxing, èyí téèyàn fi ń ṣe eré ẹ̀ṣẹ́ nílé, bí orin ṣe ń lọ lèèyàn á máa ju ẹ̀ṣẹ́. Mo fẹ́ràn ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n, mo ju ẹ̀ṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú, òógùn rin singílẹ́ẹ̀tì mi gbingbin. Bí mo ṣe jókòó, ọmọ yẹn gba nǹkan náà lọ́wọ́ mi, kò tiẹ̀ dìde lórí àga, ọrùn ọwọ́ lásán ló ń jù fìrìfìrì bí ẹni ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n sì ń kọ "Perfect!" fún un léraléra. Máàkì ẹ̀ ju tèmi lọ. Ìbéèrè tó wá sí mi lọ́kàn nìyẹn: kí gan-an ni ẹ̀rọ yìí ń rí? Torí tá ò bá mọ ohun tó ń rí, a ò lè mọ̀ bóyá ara wa ń jẹ àǹfààní kankan níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń pè ní motion control ò le láti ṣàlàyé. Géèmù àtijọ́, bọ́tìnì lẹ máa ń tẹ̀, ẹ tẹ èyí ó ju ẹ̀ṣẹ́, ẹ tẹ ìyẹn ó tàpá, àtàǹpàkò nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Motion control ní kẹ́ ẹ fi ara yín ṣe bọ́tìnì: ẹ ju ẹ̀ṣẹ́ gan-an, kí ẹni inú tẹlifíṣọ̀n náà ju tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò lójú bíi tèèyàn o, kò mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ́ lẹ jù. Nọ́ńbà ló ń gbà, látinú nọ́ńbà yẹn ló ti ń méfò pé ó jọ pé ẹ̀ṣẹ́ lèyí. Ọ̀nà méjì ló sábà máa ń fi gba nọ́ńbà náà, yálà kẹ́ ẹ di nǹkan kan mú lọ́wọ́ tàbí kí kámẹ́rà máa wò yín.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí tí à ń dì mú bẹ̀rẹ̀. Chip kékeré kan wà nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ accelerometer. Ẹ rántí bó ṣe máa ń rí nínú dánfó: tí dẹ́rẹ́bà bá tẹná lójijì, ẹ̀yìn yín á lẹ̀ mọ́ ìjókòó, tó bá tẹ bíréèkì gbàgà, gbogbo èrò á dà síwájú. Kẹ́ ẹ tiẹ̀ dijú, ẹ ṣì máa mọ ìgbà tí mọ́tò sáré àti ìgbà tó dúró, torí ara yín á sọ fún yín. Ohun tí accelerometer ń ṣe nìyẹn. Ìwọ̀n kékeré kan tójú lásán ò lè rí ló wà nínú ẹ̀, nǹkan bíi sípíríǹgì ló gbé e dúró, bẹ́ ẹ bá ti ju ọwọ́ síwájú ìwọ̀n yẹn á fà sẹ́yìn díẹ̀, bọ́wọ́ bá dúró á sún síwájú, chip náà á wá sọ bó ṣe sún tó di nọ́ńbà. Wii, ẹ̀rọ géèmù tí Nintendo gbé jáde ní November 2006, ló sọ ọ̀nà yìí di ti tèwetàgbà, géèmù Wii Sports tó bá a wá ní Amẹ́ríkà ní ẹ̀ṣẹ́ jíjù nínú, ìyá àgbà àtọmọ-ọmọ jọ ń dúró ní pálọ̀ tí wọ́n ń ju ọwọ́ sáfẹ́fẹ́.

Ṣùgbọ́n accelerometer nìkan ò tó. Ó mọ̀ pé nǹkan já lójijì, kò mọ̀ dáadáa bọ́wọ́ ṣe yí. Ẹ̀ṣẹ́ tààrà àti ẹ̀ṣẹ́ tó gba ẹ̀gbẹ́ wá, èyí táwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ń pè ní hook, lè jọra wọn lójú ẹ̀. Torí ẹ̀ ni Nintendo ṣe mú Wii MotionPlus wá ní 2009, nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ ìdí rìmóòtù Wii, gyroscope ló wà nínú ìyẹn. Gyroscope àtijọ́ dà bí òkòtó táwọn ọmọdé ń ta, tó bá ti ń yí kíkankíkan kì í fẹ́ ṣubú, tẹ́ ẹ bá fẹ́ darí ẹ̀ síbòmíì á máa bá yín du ú. Èyí tó wà nínú chip kì í yí o, ṣe ló ń gbọ̀n, àmọ́ òun ló ń sọ pé ọwọ́ yí sọ́tùn-ún, ó yí sókè, bó ṣe yára tó rèé. Joy-Con ti Switch tó jáde ní March 2017 ní accelerometer àti gyroscope nínú, ẹ̀ ń di ọ̀kan mú lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.

Ẹ wá wò ó dáadáa. Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, ọwọ́ ló wà. Kò sí nǹkan kan lẹ́sẹ̀, kò sí níbàdí. Tí Fitness Boxing bá ní kẹ́ ẹ lóṣòó kẹ́ ẹ fi yẹ ẹ̀ṣẹ́, bí Joy-Con méjèèjì ṣe mì ló máa wò, kò lè mọ̀ bóyá orúnkún yín ṣẹ́. Ìdí tọ́mọ yẹn fi ń gba "Perfect" lórí àga nìyẹn. Kò sì rẹ́ ẹ̀rọ jẹ o, ohun tẹ́rọ béèrè gan-an ló fún un. Èmi tí mò ń ju ẹ̀ṣẹ́ gígùn látèjìká, ọwọ́ mi ń pẹ́ kó tó délẹ̀, orin sì ti kọjá ibi tí géèmù ti ń retí ẹ̀.

Oríṣi kejì, ti kámẹ́rà. Sony ti ṣe EyeToy fún PlayStation 2, ẹ̀rọ géèmù tiwọn, ní 2003, kámẹ́rà lásán nìyẹn, ibi tí àwòrán ti yí padà ló ń wò, àmọ́ eré kọ́ńgífú kékeré kan ti wà nínú ẹ̀. Èyí tó yí nǹkan padà ni Kinect tí Microsoft gbé jáde fún Xbox 360, ẹ̀rọ géèmù tiwọn, ní November 2010. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣe é, ẹ mú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n yín, ẹ kọ orí ẹ̀ sí kámẹ́rà fóònù, ti iwájú tẹ́ ẹ fi ń ya sẹ́lífì ló sábà máa ń rí i, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnì rìmóòtù náà. Iná kan á máa ṣẹ́jú níbẹ̀ tó fẹ́ jọ àwọ̀ àlùkò, bẹ́ẹ̀ ojú yín lásán ò rí nǹkan kan. Infrared nìyẹn. Irú iná yẹn ni Kinect ń tú sí gbogbo pálọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì kéékèèké bí ìràwọ̀, sára ògiri, sára àga, sáyà yín, kámẹ́rà ẹ̀ á wá wo bí àmì kọ̀ọ̀kan ṣe sún kúrò níbi tó yẹ kó wà, ìyẹn ló fi ń ṣírò bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Wọ́n ti fi àwòrán ara èèyàn lóríṣiríṣi ìdúró kọ́ ọ tẹ́lẹ̀, torí náà ó mọ̀ pé orí rèé, èjìká rèé, orúnkún rèé. Oríkèé 20 ló ń tọpa ẹ̀, nǹkan bí ìgbà 30 láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan.

Èyí rí ẹsẹ̀ yín nìyẹn, ìpá tẹ́ ẹ bá ta wọlé. Ilé iṣẹ́ kan ní Finland tó ń jẹ́ Virtual Air Guitar Company ti ṣe Kung-Fu LIVE fún PlayStation 3 ní 2010, kámẹ́rà ti PlayStation nìyẹn lò, nígbà tó di 2011 wọ́n ṣe Kung Fu High Impact fún Kinect. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú wọn ni pé wọn kì í fi ẹlòmíì rọ́pò yín, àwòrán yín gan-an ni wọ́n máa ń gé jáde látinú pálọ̀ tí wọ́n á gbé e sáàárín ìjà, bẹ́ ẹ bá wọ ṣòkòtò ilé àti singílẹ́ẹ̀tì, òun náà lẹ máa fi bá àwọn ọ̀tá jà. Ọ̀tá á wá látọ̀tún, wọ́n á wá látòsì, ẹ máa fò, ẹ máa tàpá, ẹ máa yí. Èèyàn ò lè fi ọrùn ọwọ́ lásán jà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kámẹ́rà náà níbi tó kù sí. Kò rí ẹ̀yìn nǹkan. Bóyá kàràtéè ni o, bóyá taekwondo, ẹ̀gbẹ́ lẹni tó ń jà sábà máa ń yí síwájú kí ara má baà fẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀tá. Ẹ yí ẹ̀gbẹ́ sí Kinect, apá kan á bo ìkejì, ìbàdí á bo ìbàdí, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í méfò, apá ẹni inú tẹlifíṣọ̀n á máa gbọ̀n, nígbà míì á tẹ̀ síbi tí apá èèyàn ò lè tẹ̀ sí. Bí géèmù ṣe ń sọ yín di ẹni tó ń kọ àyà sí ọ̀tá nìyẹn láìmọ̀, olùkọ́ kàràtéè èyíkéyìí máa bá yín wí lórí ìyẹn. Aṣọ tó fẹ̀ náà ń dà á láàmú, tẹ́ ẹ bá wọ bùbá tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ kò ní mọ ibi tí ìgúnpá wà. Oòrùn náà ní infrared nínú, tó bá wọlé gba wíńdò tààrà ó máa ń pa àwọn àmì yẹn rẹ́, ẹ fa kọ́tìnì. Àyè náà ń kọ́? Ẹ nílò nǹkan bí mítà méjì láàárín yín àti kámẹ́rà kó tó rí yín látorí dẹ́sẹ̀, pálọ̀ yàrá kan míì ò sì tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé ó wá ń mú ara le? Ní December 2007 àwọn olùwádìí ní Liverpool John Moores University tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ọdún 13 sí 15 tí wọ́n ṣe Wii Sports, ẹ̀ṣẹ́ wà nínú ẹ̀. Agbára tí wọ́n lò ju ti géèmù ìjókòó lọ, àmọ́ kò tó ti kéèyàn ṣe eré náà gan-an, wọ́n ní kò tó nǹkan téèyàn lè kà mọ́ eré ìdárayá tó yẹ kọ́mọdé ṣe lójúmọ́. Àwọn kan fi ìyẹn sọ pé kò wúlò. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ni Wii ń kà, ọwọ́ náà làwọn èèyàn sì máa ń fún un. Àwọn iṣan tó tóbi jù lára wà ní ìdí àti itan, tí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́ ọkàn ò ní lù tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ ẹ̀ṣẹ́ í jù, gìgísẹ̀ ẹ̀yìn ló ti ń bẹ̀rẹ̀: gìgísẹ̀ á yí, ìbàdí á tẹ̀ lé e, èjìká á bá wọn lọ, ọwọ́ ló máa ń dé kẹ́yìn. Ẹ̀rọ ọwọ́ ò ní fún yín ní máàkì kankan torí gìgísẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ gan-an lara ti ń rí èrè. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, mi ò wo "Perfect" mọ́. Mò ń yí gìgísẹ̀, mò ń lóṣòó tó bá ní kí n lóṣòó, itan mi ló ń sọ fún mi lọ́jọ́ kejì bóyá mo ṣe é dáadáa.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá oníwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, tàbí 75 sí 150 tó bá jẹ́ èyí tó le. Ẹ ò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ èwo lẹ wà. Ẹ sọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń ju ẹ̀ṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tẹ́ ẹ ò lè kọrin, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta lẹ máa sọ kẹ́ ẹ tó mí, ó ti le nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá lè kọ orin ìsìn látìbẹ̀rẹ̀ dópin láìmí hẹlẹ, ẹ fi ẹsẹ̀ kún un. Nọ́ńbà kálórì tí géèmù ń kọ síbẹ̀ yẹn, ẹ má fọkàn sí i jù, kò gbọ́ bí ọkàn yín ṣe ń lù, kò wọn èémí yín, ìṣirò látorí ìwọ̀n ara tẹ́ ẹ kọ fún un àti bọ́wọ́ yín ṣe mì ni. Ẹni tó jókòó náà máa rí kálórì tiẹ̀ kà.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí ò mọ sí pálọ̀. Nígbà tí Chika Chukwumerije gba bàbà fún Nàìjíríà nínú taekwondo ní Olympics Beijing 2008, adájọ́ èèyàn ló ń ka ìpá. Ní London 2012 wọ́n ti lo ìgbàyà tó ní sẹ́ńsọ̀ nínú àti ìbọ̀sẹ̀ tó ń bá a ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ ló ń ka ìpá tó bá ba àyà. Kò pẹ́ táwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè ṣáá, tí wọ́n ń fi tọ ara wọn láyà bí ẹni fi ọ̀pá tọ nǹkan, torí ẹ̀rọ ń gbà á. Àwọn tó fẹ́ràn eré náà pariwo gan-an.

Ohun kan tó dùn mí gan-an tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ ni ìgúnpá. Ẹni tó ń lu báàgì, báàgì ló ń dá ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀ dúró. Nínú géèmù afẹ́fẹ́ lẹ̀ ń lù, kò sí ohun tó máa dá ọwọ́ yín dúró àfi ìgúnpá fúnra ẹ̀, tẹ́ ẹ bá jù ú tán pátápátá ó máa gbà á síra. Ọ̀sẹ̀ kìíní tí mo bẹ̀rẹ̀, mi ò lè gbé ife tíì láìmọ̀ ọ́n lára. Ẹ jẹ́ kọ́wọ́ ku díẹ̀ kó tó nà tán, kẹ́ ẹ sì fà á padà kíá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Okùn ọrùn ọwọ́ náà, ẹ má fojú kéré ẹ̀, ní December 2006 Nintendo ní láti pààrọ̀ nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 okùn Wii torí ó ń já, tí rìmóòtù ń fò lọ lu tẹlifíṣọ̀n. Lórí táìsì, ìbọ̀sẹ̀ ò dáa, ẹ wọ bàtà tàbí kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ lásán ṣe é.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra Kinect, tòkunbọ̀ lẹ máa rí, Microsoft ti dáwọ́ ṣíṣe ẹ̀ dúró láti October 2017. Tó bá jẹ́ Xbox 360 àtijọ́, èyí tó sanra yẹn, lẹ ní, ẹ béèrè adápítọ̀ iná ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, torí orí wáyà Kinect ò wọ ibẹ̀ tààrà, àmọ́ ó wọ Xbox 360 tó tínrín. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kó tàn án níṣojú yín, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sókè díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ wo bóyá ẹsẹ̀ ẹni inú tẹlifíṣọ̀n náà ń bá yín gòkè.