Màmá, ẹ jẹ́ kí n rí itan yín

Ó ti sú mi. Kí n tó kí èèyàn tán, wọ́n á ti ní “Dókítà, malaria àti táífọ́ọ̀dù ni o.” Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Oníkẹ́mísì ni. Wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́, ara tutù fọ́jọ́ méjì, ó tún gbóná, wọ́n tún gún òmíì.

Ẹ wò ó, Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ táífọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ gbára lé yìí, àtọdún 1896 ló ti wà, kì í sì í ṣe kòkòrò táífọ́ọ̀dù ló ń wá o, ohun tí ara fi ń bá a jà ni, torí náà ẹni tó ti ṣe rí, tàbí tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀, tàbí tí àìsàn míì pátápátá ń ṣe, ó lè rí 1/160 lórí ìwé, kí wọ́n sì pè é ní táífọ́ọ̀dù. Blood culture lẹ máa ṣe, ìyẹn ló ń wá kòkòrò yẹn gan-an nínú ẹ̀jẹ̀. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu ń ro mí.

Ibà tó bá ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta, tí temomítà ń lé ní 38.3, a máa ń wá TB, HIV, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Sarcoma, ìyẹn jẹjẹrẹ inú ẹran àti ọ̀rá, ṣọ̀wọ́n, bí 1 nínú 100 jẹjẹrẹ àgbàlagbà ni, èyí tó ń mú ibà dání tún wá ṣọ̀wọ́n jùyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ó wà. Kókó jẹjẹrẹ yẹn fúnra ẹ̀ ló ń tú nǹkan sẹ́jẹ̀ tó ń mú ara gbóná, kí loògùn ibà fẹ́ ṣe síyẹn?

Màmá kan, télọ̀ ni wọ́n, gbé nylon oògùn wá, ìwé Widal márùn-ún ló wà nínú ẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ibà ti ń ṣe wọ́n. Mo ní kí wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n ń di ìró mú. Nígbà tí wọ́n tú u, kókó tó tó ọsàn ló wà nítan wọn, ó le, gbẹ́rẹ́ kún orí ẹ̀. “Ṣé ìyẹn náà wà lára ẹ̀ ni, Dókítà? Kì í dùn mí kẹ̀.” Sarcoma kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀! Onígbẹ́rẹ́ wọn ní ọfà ayé ni, ó tún ń fi òrí wọ́ ọ lálaalẹ́. Ẹ má jẹ́ n bú èèyàn jàre. Kókó tó bá ti ju 5cm lọ tàbí tó ń dàgbà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ là á, a máa kọ́kọ́ ṣe scan, a ó mú díẹ̀ nínú ẹ̀ lọ sí lab.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Lọ́sẹ̀ kejì, temomítà ní 36.8. Mo ní Màmá, ṣẹ́ ẹ rí i? Wọ́n ní àwọn rí i, àwọn dúpẹ́, àmọ́ ṣé káwọn tún ṣe Widal kan sí i, káwọn mọ̀ bóyá táífọ́ọ̀dù yẹn ti lọ.