Ike Tí Wọ́n Fi Àgbàdo àti Ìrèké Ṣe: Ṣé Lóòótọ́ Ló Ń Jẹrà?

Ìròyìn pé àwọn onímọ̀ ní yunifásítì ń fi ohun ọ̀gbìn àti bakitéríà ṣe ike ti rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Àwọn kan tiẹ̀ ti gbà pé ìṣòro ìdọ̀tí ike ti tán.

Báwo ni àgbàdo ṣe ń di ike?
Wọ́n á sọ sítáàṣì inú rẹ̀ di ṣúgà. Bakitéríà á jẹ ṣúgà náà, á sì sọ ọ́ di ásíìdì tó máa ń wà nínú wàrà tó kan. Wọ́n á wá so ásíìdì yìí pọ̀ di ike tó ń jẹ́ PLA.

Ṣé kò wá ní jẹrà bí ewé?
Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í gbọ́. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n fi ṣe ike, ọ̀tọ̀ ni bó ṣe máa parí. Ní Brazil, wọ́n ń fi ìrèké ṣe polyethylene, ìyẹn ike tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá, kò sì yàtọ̀ rárá sí ti epo rọ̀bì: kì í jẹrà. Ike míì tó ń jẹ́ PBAT ńkọ́, tó jẹ́ pé epo rọ̀bì ni wọ́n sábà fi ń ṣe é? Ó ń jẹrà. PLA náà lè jẹrà, àmọ́ ó ń fẹ́ ọ̀rinrin àti ooru tó tó nǹkan bí 58°C. Kò sí irú ooru bẹ́ẹ̀ nínú òkun.

Èwo ló wá ń jẹrà nílẹ̀ lásán?
Ike míì tó ń jẹ́ PHA ni. Inú ara bakitéríà ló ti ń wá. Àwọn bakitéríà ń tọ́jú rẹ̀ sára de ọjọ́ ebi. Maurice Lemoigne, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣàwárí irú rẹ̀ àkọ́kọ́ láàárín ọdún 1920 sí 1929. Torí pé oúnjẹ ni fún bakitéríà, àwọn tó wà nínú ilẹ̀ àti òkun mọ̀ ọ́n jẹ. Ọ̀wọ́n rẹ̀ ló ń dí i lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń gbìyànjú láti fi pàǹtírí oko bọ́ bakitéríà tó ń ṣe é.

Bakitéríà tó ń jẹ ike ò ní jẹ páìpù omi wa?
Rárá. Èyí tí wọ́n kéde ní Japan ní 2016, Ideonella sakaiensis, ike PET tí wọ́n fi ń ṣe ìgò omi ló ń jẹ, irú ike míì sì ni wọ́n fi ń ṣe páìpù. Bí PET tí wọ́n fún un ṣe fẹ́lẹ́ tó, ó gbà á ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó jẹ ẹ́ tán.

Kí ni kí n ṣe?
Má ṣe tìtorí àwòrán ewé lára ike jù ú sínú igbó. Wo orúkọ rẹ̀, kó o sì wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ti lè mú un jẹrà. Má sì da PLA pọ̀ mọ́ ìgò PET tí wọ́n fẹ́ tún lò. Díẹ̀ nínú rẹ̀ lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.