Ohun Tó Wà Lábẹ́ Gàárì

Bí Iléyá bá ti ku bí oṣù kan, fóònù mi kì í sinmi. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn ìdílé Balógun yóò gun ẹṣin jáde, ẹni tí kò sì fọwọ́ kan ìjánu láti èṣí á wá rántí pé dókítà ẹranko wà láyé. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo ẹṣin yìí." Bí mo bá débẹ̀, ọ̀ṣọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ tú sílẹ̀ fún mi: aṣọ àrán, ṣaworo, awọ pupa aláràbarà. Ó wuyì, n kò purọ́. Àmọ́ bí mo bá ní kí wọ́n mú irin tí wọ́n fi ń họ pátákò wá, wọ́n á máa wo ojú ara wọn.

Owó yín, ohun tó kan ara ẹṣin ni kí ẹ kọ́kọ́ ná an sí: ẹ̀yìn rẹ̀, ẹnu rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀. Àrán lè dúró.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí ìyà jù. Wọ́n pè mí lọ́jọ́ kan sí ẹṣin pupa kan tó ń gé ẹni tó bá gbé gàárì sún mọ́ ọn jẹ. Wọ́n ní ẹni tó tà á fún wọn ti sà sí i. Mo yẹ aṣọ abẹ́ gàárì wò: ó ti le gbagidi bíi páálí, òógùn ọjọ́ pípẹ́ ti gan mọ́ ọn lára. Egbò tó fẹ̀ tó ẹnu ife wà lórí egungun èjìká ẹṣin náà, níbi tí gọ̀gọ̀ parí sí. Ta ni wọ́n máa gbé igi lé légbò lójoojúmọ́ tí kò ní géni jẹ? Oṣù méjì gbáko ni wọn kò fi gùn ún.

Ẹran ara tó wà lọ́tùn-ún lósì ọ̀pá ẹ̀yìn ló yẹ kó gbé gàárì. Gàárì kò gbọdọ̀ fara kan ọ̀pá ẹ̀yìn fúnra rẹ̀. Ẹ dì í, kí ẹni tó máa gùn ún jókòó, kí ẹ wá ki ìka bọ abẹ́ iwájú gàárì: ó yẹ kí àyè ìka méjì sí mẹ́ta wà láàárín rẹ̀ àti egungun. Ẹ lọ sẹ́yìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kí ẹ rí ìmọ́lẹ̀ lódìkejì. Bí ẹ bá tú u tán, ẹ wo bí òógùn ṣe rí. Bí gbogbo ẹ̀yìn bá tutù, tí ojú kan dá gbẹ, ibẹ̀ ni gàárì ti ń tẹ̀ ẹ́ jù. Irun funfun tó hù sójú kan níbi tí gàárì ń jókòó sí lẹ́yìn ẹṣin pupa tàbí dúdú, àpá gàárì burúkú ló sábà máa ń jẹ́, kì í ṣe àmì oríire bí alágbàtà kan ṣe fẹ́ fi yé mi. Aṣọ abẹ́ gàárì, ẹ ra méjì, kó jẹ́ òwú tàbí irun àgùntàn, kí ẹ máa fọ ọ̀kan bí èkejì bá wà lára ẹṣin. Ọ̀já abẹ́ ikùn, ẹ má fà á pa lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fà á díẹ̀, ẹ mú ẹṣin rìn díẹ̀, kí ẹ tó tún un fà.

Kí ẹ tó ra irin ìjánu, ẹ fi ìka pa á látòkè délẹ̀. Bí ó bá ha ìka yín, ẹ dá a padà, torí ahọ́n ẹṣin rọ̀ ju ìka lọ. Ẹ jẹ́ kó yọ bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà ní igun ẹnu méjèèjì, kó má baà há ètè mọ́. Ẹ má sì fi okùn ìjánu so ẹṣin mọ́ igi láé: bí ẹ̀rù bá bà á tó fà sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ ló máa ya. Okùn orí tí kò ní irin lẹ́nu la fi ń so ẹṣin, kí kókó rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ẹ lè fà tú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Irin ìhọ-pátákò tí mo ń béèrè yẹn kò tó owó fìlà kan. Ojoojúmọ́ ni à ń lò ó. Òkúta kékeré tó há sábẹ́ pátákò tó láti mú ẹṣin tiro. Bí nǹkan dúdú bá ń rùn nínú rẹ̀, ilẹ̀ tó ń dúró lé ló tutù jù. Kí ẹni tó ń gé pátákò máa wá ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, Ojúde Ọba wà ni o, kò sí ni o.

Ẹṣin lè mu omi lítà 25 sí 45 lójúmọ́, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ nínú ooru wa. Korobá kan láàárọ̀ kò tó. Koríko ni oúnjẹ rẹ̀, ọkà bàbà àti ẹ̀ẹ́rí jẹ́ àfikún, kí iyọ̀ sì wà nítòsí. Oúnjẹ tó bá ti bu, ẹ dà á nù. Ẹṣin kì í lè bì.

Nínú àpótí ìtọ́jú, ẹ ní tẹmọ́mítà, ayódíìnì, gọ́ọ̀sì, báńdéèjì àti iyọ̀. Omi sísè tó ti tutù, ìdajì lítà, pẹ̀lú ṣíbí tíì iyọ̀ kan, ni ẹ fi máa fọ egbò. Ọ́ìlì mọ́tò kọ́ o. Mo ti rí i. Tẹ́tánọ́ọ̀sì tètè ń mú ẹṣin ju ọ̀pọ̀ ẹranko lọ, torí náà ẹ má fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣeré. Láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀ ni àwọn kòkòrò bíńtín tó ń pín àrùn tó ń pa ẹṣin ní Áfíríkà máa ń jẹ jù, ẹ kó ẹṣin wọlé, kí nẹ́ẹ̀tì wà lójú fèrèsé. Ọ̀rọ̀ kòkòrò kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa: eṣinṣin tsetse, tó ń kó àrùn ran ẹṣin, wà lára ohun tó mú kí Ọ̀yọ́ Ilé máa ra ẹṣin láti apá àríwá ṣáá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gùn ún, bàtà tó ní gìgísẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, kí ẹsẹ̀ má baà yọ́ wọnú irin tí à ń tẹ̀, kí ẹṣin wá máa wọ́ yín nílẹ̀. Ẹ́límẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa dé e pẹ̀lú agbádá lọ́jọ́ náà, n kò ní bá yín jà. Ẹ ṣáà dé e nígbà ìdánrawò, kí ẹ sì pààrọ̀ èyí tó bá ti bá yín ṣubú, bí kò tilẹ̀ sán. Ìbọn tí wọ́n máa ń yìn lọ́jọ́ Ojúde Ọba náà ń bọ̀ o: ẹ jẹ́ kí ẹṣin máa gbọ́ ariwo láti òkèèrè ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí ẹ máa sún un mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀.

Ara ẹṣin tó sinmi máa ń gbóná tó 37.5 sí 38.5 °C, ọkàn rẹ̀ á sì lù ní ìgbà 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá máa pè mí lóru pé ó dùbúlẹ̀, kò jẹun, ẹ kọ́kọ́ ka méjèèjì yẹn. Òun ni mo máa bi yín kí n tó wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi.