Integral Coach Factory

Integral Coach Factory (ICF) jẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba Íńdíà tó ń kan kóòṣì, ìyẹn ọkọ̀ tí èrò ń wọ̀ nínú rélùwéè. Ó wà ní Perambur, ní ìlú Chennai. Jawaharlal Nehru, olórí ìjọba Íńdíà nígbà náà, ló ṣí i ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 1955, lẹ́yìn àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ kan láti Swítsàlandì tó kọ́ wọn níṣẹ́. Ara irin lásán ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe níbẹ̀. Ẹ̀ka tó ń to ìjókòó àti iná sínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1962.

Bí a ṣe ń kàn án

Ọ̀rọ̀ “integral” ló sọ ohun tí iṣẹ́ náà dá lé. Ọ̀pọ̀ kóòṣì àtijọ́ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí bọ́lẹ̀kájà tí àwọn àgbà Èkìtì wọ̀ lọ sọ́jà: ṣásì, ìyẹn férémù irin abẹ́ rẹ̀, ló ń ru ẹrù, káfíńtà a sì kan pákó lé e lórí. Bó bá dojú dé, pákó a fọ́ mọ́ èrò lára. Ti ICF kò rí bẹ́ẹ̀. Irin ni ilẹ̀, ògiri àti òrùlé rẹ̀; a jó wọn pọ̀ di ọ̀kan, gbogbo wọn sì jọ ń ru ẹrù, bí ìkòkò Ìsàn-Èkìtì tí kò ní òpó nínú, tó jẹ́ pé ara rẹ̀ gan-an ló gba omi dúró.

Jíjó irin bẹ́ẹ̀ gba sùúrù, gẹ́gẹ́ bí wẹ́dà èyíkéyìí ní Adó-Èkìtì ṣe mọ̀. Irin pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ máa ń ká kò bí iná bá pọ̀ lójú kan. Nítorí náà, a kọ́kọ́ ń tákì í, ìyẹn ni pé a ń fi iná díẹ̀ mú un pọ̀ lójú-lójú, kí a tó padà wá jó o délẹ̀. Ibi tí a gé fún fèrèsé àti ilẹ̀kùn ló máa ń rọ̀ jù, ibẹ̀ ni egungun irin sì ti gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i.

Àléébù rẹ̀ wà níbi tí kóòṣì kan ti so mọ́ èkejì. Bí ọkọ̀ méjì bá forí sọra, kóòṣì kan lè gun orí òmíràn, èyí tó ń mú kí òfò ẹ̀mí pọ̀. Irú tuntun tí wọ́n ń pè ní LHB, tó ti Jámánì wá, ní ìkọ́ àárín tó ń dènà èyí, irin tí kì í dípẹtà ni a sì fi ṣe é. Ní oṣù kìíní 2018 ni ICF parí èyí tó kẹ́yìn nínú irú kóòṣì rẹ̀ tó ṣáájú LHB.

Vande Bharat

Vande Bharat ni ọkọ̀ rélùwéè oníkóòṣì 16 tí ICF kàn; ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín New Delhi àti Varanasi ní oṣù kejì 2019. Kò ní orí ọkọ̀ tó dá dúró tó ń fà á. Abẹ́ kóòṣì ni mọ́tò rẹ̀ wà.

Títà sí òkèèrè

Láti 1967 ni ICF ti ń tajà fún àwọn orílẹ̀-èdè Éṣíà àti Áfíríkà, Thailand àti Tanzania lára wọn. Ẹsẹ̀ kóòṣì gbọ́dọ̀ bá ojú irin oníbàárà mu: 1,676 mm ni fífẹ̀ ojú irin tó pọ̀ jù ní Íńdíà, 1,067 mm sì ni ti ojú irin àtijọ́ Nàìjíríà, tó gba Òṣogbo àti Ọ̀fà kọjá, níbi tí ará Èkìtì tó bá fẹ́ wọ rélùwéè ti máa ń lọ wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, nítorí ojú irin kò dé Èkìtì.