Àléébù kì í pa agbára rẹ́: bí a ṣe ń wọn ẹ̀yà alágbára nínú eré àkọni

Ẹni tó bá ti jókòó sí ìdí eré àkọni rí á ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí: "Bí ẹ̀yà kan bá lágbára jù, wá àléébù tó tóbi tó agbára náà, kó o so ó mọ́ ọn lọ́rùn. Ó parí." Àwọn tó ń dá ẹ̀yà tuntun sílẹ̀ fún eré tiwọn ló ń sọ ọ́ jù, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ mú iwin, egbére tàbí ọmọ ẹyẹ inú ìtàn wa wọ inú eré. Èrò wọn dára púpọ̀. Òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé lọ́wọ́ ni kò péye.

Fún ẹni tí eré yìí ṣì ṣàjèjì sí: èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ló máa ń yí tábìlì ká. Ẹnì kan nínú wọn ni olùdarí. Òun ló ń sọ bí ayé ìtàn náà ṣe rí, òun náà ló ń gbẹnu sọ fún ọ̀tá. Àwọn yòókù ní akọni kọ̀ọ̀kan. Akọni ní iṣẹ́ tó ń ṣe, bíi jagunjagun tàbí onídán, ó ní ipele tó ń gòkè láti 1, ó sì ní ẹ̀yà tí wọ́n bí i sí. Bí akọni bá fẹ́ ṣe ohun tó lè kùnà, dáìsì olójú 20, èyí tí àwọn ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ń pè ní dé, ló ń dá ẹjọ́ náà. A ó jù ú, a ó fi àmúyẹ akọni kún un, bó bá tó iye tí olùdarí ń wò, ó yege. Ojú kọ̀ọ̀kan lára dáìsì yìí jẹ́ 5 nínú 100. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Lórí ìwé kàyé, agbára wà lápá ọ̀tún, àléébù wà lápá òsì, ojú á sì sọ fún wa pé wọ́n dọ́gba. Ṣùgbọ́n iye ìgbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nídìí tábìlì ni ìwọ̀n rẹ̀. Àléébù tí kì í wáyé kò wọn nǹkan kan. Èyí tó ń wáyé lójoojúmọ́ á pa ẹni tó ni ín lára ju bí ẹni tó kọ ọ́ ti rò lọ.

Ẹ wo drow nínú Dungeons & Dragons, eré àkọni tó lókìkí: àwọn ni élífù (ẹ̀yà bí iwin inú ìtàn Òyìnbó) tó ń gbé abẹ́ ilẹ̀. Nínú ẹ̀dà ọdún 2014, wọ́n ń ríran nínú òkùnkùn dé mítà 36, wọ́n sì ní idán díẹ̀ tí a bí mọ́ wọn. Àléébù wọn ni oòrùn: bí drow bá fẹ́ ṣá ènìyàn nínú oòrùn gangan, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò ju dáìsì, èyí tó kéré ni yóò sì mú. Bó bá jẹ́ 11 ló nílò kí ọwọ́ rẹ̀ tó ba ọ̀tá, àǹfààní rẹ̀ á já láti 50 nínú 100 sí 25. Ìdajì agbára ìjà rẹ̀ ti lọ nìyẹn, ẹni tó bá gbọ́ ọ á ní ìyà náà tó.

Ṣùgbọ́n ká ní inú ihò àpáta kan lábẹ́ òkè Sábẹ̀ẹ́ ni ìtàn náà ti ń lọ, tí ìjókòó mẹ́ta sì kọjá tí oòrùn kò yọ. Drow ti gba agbára rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ká tún wá sọ pé ìrìn ọ̀sán ni, láti Kétu sọ̀ kalẹ̀ sí Àjàṣẹ́ nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Kò sí ìjà kan tí kò ní pòfo nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìjókòó kejì, á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn yòókù pé kí wọ́n máa rìn lóru, gbogbo ẹgbẹ́ á sì wá di èrò òru nítorí ẹnì kan. Bébà kan náà ni, kò sí ohun tó yí padà níbẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ agbára náà ṣe rí gan-an nìyẹn. Yuan-ti, ẹ̀yà aláwọ̀ ejò tó jáde fún àwọn eléré ní ọdún 2016, ń ju dáìsì lẹ́ẹ̀mejì kó tó mú èyí tó ga nígbàkigbà tó bá fẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ idán. Bó bá nílò 13, ẹlòmíì ní 40 nínú 100, òun ní 64. Níbi tí ọ̀tá kò ti mọ ju kùmọ̀ àti àdá lọ, iye yẹn kò wúlò fún un. Níbi tí onídán ti pọ̀, òun ni ọba.

Fífò lójú òfuurufú ni agbára tó ń da tábìlì rú jù lọ, torí náà ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Aarakocra, ènìyàn ẹyẹ tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2015, ń fò ní mítà 15 ní ìgbésẹ̀ kan, ìyẹn ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá kàn án láti ṣe nǹkan, láti ipele 1. Àléébù tí wọ́n kọ mọ́ ọn ni pé kò lè fò bó bá wọ ẹ̀wù ogun tó wúwo tàbí èyí tó jẹ́ agbedeméjì. Ta ló máa ń yan ẹ̀yà yìí? Tafàtafà ni, ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀wù awọ fẹ́ẹ́rẹ́ ló wù ú láti wọ̀ láti ilẹ̀. Ẹ ò rí i pé wọn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ òkè, kí ìkookò mẹ́rin jáde sí i. Ìkookò kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀mí 11, ààbò ara rẹ̀, ìyẹn iye tí dáìsì gbọ́dọ̀ dé kí ọfà tó bà á, sì jẹ́ 13. Tafàtafà ipele 1 fi 5 kún dáìsì rẹ̀, ìyẹn ni pé 8 sókè ló ń wá: 65 nínú 100. Ọfà kọ̀ọ̀kan tó bá bà ń gba ẹ̀mí bíi 7 tàbí 8. Bí ọfà mẹ́ta ló tó láti pa ìkookò kan, bí méjìlá fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ogún ọfà ló sì wà nínú apó rẹ̀. Mítà 45 ni ọrun rẹ̀ dé kí ojú rẹ̀ tó ṣú. Eyín ìkookò kò kọjá ibi tí ẹnu rẹ̀ dé. Bó bá dúró ní mítà 15 sókè, ìjà náà ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀, dáìsì kàn ń ka iye ọfà ni.

Ibí ni olùdarí ti máa ń ṣe àṣìṣe kejì. Á ní òun ó kó tafàtafà ọ̀tá wá. Ọfà ọ̀tá kò mọ ẹni tó ní ìyẹ́. Ẹyẹ á gòkè sí i, onídán ipele 1 tó ní ẹ̀mí 7 tàbí 8 tó dúró nísàlẹ̀ ló máa kú. Nígbà tí ọfà bá sì wá ba ẹyẹ náà lóòótọ́ tó sì dákú, á já bọ́: dáìsì olójú 6 kan fún mítà mẹ́ta mẹ́ta, márùn-ún fún mítà 15, ìyẹn 17 tàbí 18 bí a bá ṣírò rẹ̀. Akọni tí gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ jẹ́ 10, tó sì ti dákú tẹ́lẹ̀, kò ní jí mọ́. Láàárín "kò sí ohun tó lè mú un" àti "ó ti kú pátápátá", kò sí ààyè kankan fún ìtàn.

Ìjà nìkan kọ́ sì ni. Olùdarí lè ya odidi ìrọ̀lẹ́ kan sọ́tọ̀ fún ẹnubodè bíi Àkàbà Ìdènà ní Kétu: ta ló máa bá ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀, ta ló máa yọ́ wọlé, ta ló mọ àṣírí ìlẹ̀kùn? Ẹni tó ń fò á ré kọjá odi, á já okùn sílẹ̀, wákàtí mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ fi ronú ti di ìṣẹ́jú méjì. Agbára tó ń fi 2 kún dáìsì kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Èyí tó ń gba iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe ni kí ẹ máa bẹ̀rù.

Àléébù kan tún wà tí àwọn èèyàn fẹ́ràn gan-an: "gbogbo ìlú kórìíra ẹ̀yà yìí." Ẹ bi ara yín pé ta ló ń san án. Bí ẹgbẹ́ bá dé ọjà Ouando tí wọn kò sì ta nǹkan fún wọn nítorí ẹnì kan, àwọn tí kò jẹ nínú agbára náà ló ń jẹ gbèsè rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ẹni náà nìkan ló máa dúró sẹ́yìn ìlú, ó ti jókòó wákàtí kan láì ṣe nǹkan kan. Lójú tiwa, kò tún dára kí a sọ ìkórìíra ìran di owó ìtanràn nínú eré, ní ìlú tí Nàgó, Gùn àti Fọ̀n ti jọ ń gbé. Bí ìtàn náà bá nílò irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó wà nínú ìtàn, kí ó má ṣe jẹ́ iye owó agbára.

Àwọn tó dá eré yìí sílẹ̀ pàápàá ti gbìyànjú láti gba owó náà ní ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1974, nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde, wọ́n fi ipele dí ẹ̀yà tí kì í ṣe ènìyàn: aràrá kò lè kọjá ipele 6, élífù kò kọjá 4 bí jagunjagun àti 8 bí onídán. Ẹ wo bí gbèsè náà ṣe rí. Ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò ni wọ́n ti ń jẹ agbára, ìparí ni wọ́n ń sanwó. Ẹgbẹ́ tó bá tú ká ní ipele 5 kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ aràrá. Èyí tó bá dé ipele 12 ti fìyà jẹ ẹ́ fún ìdajì ọ̀nà.

Ẹ̀dà kẹta tó jáde ní ọdún 2000 pa ààlà yẹn rẹ́, ó sì ní kí ẹ̀yà alágbára san ipele láti ìbẹ̀rẹ̀. Drow san méjì, ọmọ áńgẹ́lì sì san mẹ́rin: níbi tí àwọn yòókù bá wà ní ipele 8, òun wà ní 4. Kí ló rí gbà? Ìyẹ́, agbára apá tó fi 2 kún dáìsì ìjà rẹ̀, àti àwọn idán àbínibí. Bó bá jẹ́ jagunjagun, 4 ló sọ nù nínú àmúyẹ ìjà, 2 padà wá sí i láti apá, ìyẹ́ sì wà níbẹ̀. Ó ṣì lè bá wọn jà. Bó bá jẹ́ onídán, ẹgbẹ́ rẹ̀ ipele 8 ti ń pe idán ìpín kẹrin, òun ṣì wà ní ìpín kejì. Kò sí ìyẹ́ tó lè dí àlàfo yẹn. Iye kan náà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ní ọdún 2012, Pathfinder, eré àkọni mìíràn, gbé àmì ìṣirò jáde fún ẹ̀yà: ènìyàn 9, élífù 10, aràrá 11, ìjòyè drow 41. Ó wúlò láti fi mọ ohun tó tóbi ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń jẹ́ kí àléébù dín iye kù, ẹni tó bá gbọ́n á sì yan àléébù tí kò ní kàn án.

Kí wá ni kí a ṣe? So iye owó mọ́ ìlò agbára fúnra rẹ̀, kí ẹni tó lo agbára san án níbẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ mú egbére. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n: kúkúrú, ó ń sunkún lóru, ẹní rẹ̀ kì í kúrò lábẹ́ apá rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi í ṣe ẹ̀yà á kọ́kọ́ kọ báyìí: agbára, ó lè parẹ́ mọ́ni lójú nígbàkigbà, àléébù, kì í yé sunkún. Nídìí tábìlì, olùdarí á gbàgbé ẹkún náà títí di ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bá ba níbùba, ẹkún á wá tú àṣírí gbogbo wọn. Ẹ tún un kọ: kí egbére tó parẹ́, ó gbọ́dọ̀ tẹ́ ẹní rẹ̀ sílẹ̀ kó sì dúró lórí rẹ̀. Ẹní náà kì í parẹ́. Bó bá rìn ju mítà 9 lọ sí ẹní, ó yọ sójú. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹní náà, ó yọ sójú, ẹkún á sì gbé e fún ìgbésẹ̀ kan tí kò ní lè ṣe nǹkan mìíràn. Ní báyìí, egbére fúnra rẹ̀ ló ń pinnu ìgbà tó fẹ́ fi ẹní rẹ̀ wewu. Ọ̀tá ní ohun tó lè ṣe, ẹlẹgbẹ́ náà ní ohun tó lè ṣe: jagunjagun lè dúró ṣọ́ ẹní. Kò sí ẹni tó jókòó lásán.

Ní ti agbára tó ń ṣí ọ̀nà, bíi fífò, ẹ wo ìpele tí iṣẹ́ mìíràn ti ń rí i gbà. Onídán ń rí idán fífò ní ipele 5, ìṣẹ́jú 10 péré, ó sì gbọ́dọ̀ pa ọkàn pọ̀ sórí rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ̀yà oníyẹ́ kàn máa fi ìyẹ́ rọra balẹ̀ ní ipele 1: bó bá já bọ́, kó má fara pa, kó sì lè fi ìyẹ́ fo mítà 6 sọdá kòtò. Ní ipele 5, ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Bí ẹ̀dà 2024 ti Dungeons & Dragons ṣe ṣe ti dragonborn, ẹ̀yà ọmọ dírágónì, gan-an nìyẹn. Bí agbára ẹ̀yà kan bá jẹ́ pé májèlé kò lè ràn án rárá, ẹ jẹ́ kó máa ju dáìsì lẹ́ẹ̀mejì kó mú èyí tó ga dípò rẹ̀. Ó ṣì dùn, kò sì tí ilẹ̀kùn pa.

Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe gé ìyẹ́ ẹnikẹ́ni lójijì. Ẹ mú kàyé àti bíìkì, kí olùdarí sì fa ìlà fún ìjókòó mẹ́ta: ìlà kan nígbàkigbà tí agbára ẹ̀yà bá nìkan parí ìṣòro kan, òmíràn nígbàkigbà tí àléébù bá mú kí ẹni náà yí èrò rẹ̀ padà, ẹ̀kẹta nígbà tí àléébù náà bá ṣèdíwọ́ fún ẹlòmíràn. Bí ìlà kìíní bá ju méjì lọ ní ìjókòó kan, agbára náà nílò iye ìgbà lóòjọ́. Bí ẹ̀kẹta bá pọ̀ ju ìkejì lọ, ẹ yọ àléébù náà kúrò, ẹ má fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Kí ẹ fi ìwé náà han ẹni tó ni akọni kí ìrìn tuntun tó bẹ̀rẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ sì yan èyí tí yóò dín kù.